Ìwé Ìrìnàjò ní Ilẹ̀ Yorùbá: Ta Ni Ó Rìn, Ta Ni Ó Kọ Ọ́?

Àwọn àgbà a máa wí pé àìrìn jìnnà ni àìrí abuké ọ̀kẹ́rẹ́. Bí a bá rìn jìnnà, a ó rí abuké erin. Òwe yìí sọ ẹni tí ó rìn di ẹlẹ́rìí, ó sì sọ ìrìnàjò di ilé ẹ̀kọ́. Ṣùgbọ́n kò sọ ohun tí ó yẹ kí a fi ẹ̀rí náà ṣe nígbà tí ẹlẹ́rìí bá padà wálé. Bí ó bá ròyìn ní ìrọ̀lẹ́ fún àwọn ọmọ agboolé, tí wọ́n gbọ́, tí wọ́n rẹ́rìn-ín, tí ilẹ̀ ṣú, tí olúkúlùkù sì wọlé lọ sùn, ìròyìn náà kò tíì di ìwé. Ọjọ́ tí ẹlẹ́rìí náà bá kú ni ìròyìn kú pẹ̀lú rẹ̀. Nítorí náà ni ó ṣe tọ́ kí àwọn tí ń kọ́ ẹ̀kọ́ lítíréṣọ̀ Yorùbá béèrè pé: nínú gbogbo ìrìn tí ọmọ Yorùbá ti rìn lórí ilẹ̀, èwo ni ó wọ inú ìwé, èwo ni kò wọ̀ ọ́, kí sì ni ìdí rẹ̀?

Ẹ jẹ́ kí Òjòkú ṣe àpẹẹrẹ. Òjòkú wà ní ilẹ̀ Ìbọ̀lọ́, ní àgbègbè Ọ̀fà, ní Ìpínlẹ̀ Kwara. Nígbà tí ojú irin tí ó ti Èkó wá dé Òṣogbo ní 1907, tí ó sì dé Jẹ́bà ní 1909, Ọ̀fà bọ́ sí ojú ọ̀nà rẹ̀ gan-an. Láti ìgbà náà ni ẹni tí ó bá ti Òjòkú tàbí ìlú mìíràn ní àyíká rẹ̀ jáde ti ní ọ̀nà méjì níwájú. Bí ó bá kọjú sí àríwá, rélùwéè yóò gbé e kọjá Odò Ọya dé Kàdúná àti Kánò. Láti 1927 ni ó sì ti lè yà ní Kafanchan, kí ó gun òkè lọ sí Jọ́ọ̀sì, níbi tí wọ́n ti ń wa kùsà. Bí ó bá kọjú sí ìwọ̀-oòrùn, ọ̀nà àwọn alájàpá àtijọ́ ni yóò tọ̀ la ilẹ̀ Ìbàrìbá já, láti Nikki dé Djougou, títí dé Salaga àti Tamale ní Góòlù Kóòsì, ilẹ̀ tí ó di Gánà ní 1957. Bí ó bá tún tẹ̀ síwájú sí gúúsù, yóò bá ara rẹ̀ ní àwọn ìlú ìwakùsà: Obuasi àti Tarkwa tí wọ́n ti ń wa wúrà, àti Akwatia tí wọ́n ti ń wa dáyámọ́ńdì.

Ìrìn wọ̀nyí kì í ṣe ìrìn fàájì. Kí ọkọ̀ ayọ́kẹ́lẹ́ tó pọ̀, ẹrù wà lórí, òṣùká wà lábẹ́ ẹrù, ọmọ sì wà lẹ́yìn ìyá rẹ̀. Aṣọ ni ọ̀pọ̀ wọn rù, wọ́n sì ń tà á bí wọ́n ti ń lọ, tí ó fi jẹ́ pé ẹrù ń fúyẹ́ bí ọ̀nà ti ń gùn. Àwọn mìíràn di ẹrù sẹ́yìn kẹ̀kẹ́ lẹ́yìn ìgbà tí kẹ̀kẹ́ dé. Láti Ògbómọ̀ṣọ́, láti Ìlọrin, láti Ṣakí, láti Ọ̀fà ni wọ́n ti jáde, ó sì fẹ́rẹ̀ẹ́ má sí ọjà ńlá kan ní àríwá Gánà tí wọn kò ní ìsọ̀ níbẹ̀. Síbẹ̀, bí akẹ́kọ̀ọ́ bá wọ ilé ìkàwé lónìí láti wá ìwé tí ọ̀kan nínú wọn fi èdè Yorùbá sọ bí ọ̀nà náà ti rí, yóò ṣòro kí ó tó rí i. Ẹni tí yóò kọ́kọ́ rí ni Àjàlá.

Kò sí ẹni tí kò mọ orúkọ Àjàlá. Ẹnikẹ́ni tí ẹsẹ̀ rẹ̀ kò bá gbélé ni wọ́n ń fi orúkọ náà pè. Ọlábísí Àjàlá ni olórúkọ, ọmọ Yorùbá tí wọ́n bí ní Gánà, tí ó fi hàn pé òun fúnra rẹ̀ jẹ́ èso ìrìn àwọn tí ó rìn ṣáájú. Ní 1952, nígbà tí ó ń kàwé ní Amẹ́ríkà, ó gun kẹ̀kẹ́ láti Chicago dé Los Angeles, ìrìn tí ó ju 2,000 máìlì lọ, ó sì wọ agbádá rẹ̀ kí àwọn ará ibẹ̀ lè mọ irú ènìyàn tí òun jẹ́. Lẹ́yìn náà ni ó gun alùpùpù Vespa káàkiri ayé. Ní 1963, ilé iṣẹ́ Jarrolds ní Lọ́ńdọ̀nù tẹ ìwé rẹ̀ jáde, An African Abroad. Ní 1972, Ebenezer Obey dárúkọ rẹ̀ nínú orin, orúkọ náà sì di ti gbogbo ayé. Àjàlá kú ní 1999.

Ìwé náà ní iyì tí kò yẹ kí ẹnikẹ́ni bù kù. Fún ìgbà pípẹ́, Òyìnbó ni ó ń rìn tí ó sì ń kọ̀wé, ọmọ aláwọ̀ dúdú sì jẹ́ ohun tí a ń wò tàbí ẹni tí ń ru ẹrù fún ẹni tí ń wò. Àjàlá yí ọ̀rọ̀ náà padà. Òun ni ó ń wo Íńdíà, tí ó ń wo Rọ́ṣíà, tí ó ń wo Íránì àti Íjíbítì àti Ísírẹ́lì àti Ọsirélíà, tí ó sì ń sọ ohun tí ó dára àti ohun tí kò dára nínú wọn láìbẹ̀rù. Ó bá Nehru jókòó, ó bá Khrushchev sọ̀rọ̀, ó dé ọ̀dọ̀ Nasser, ó dé ọ̀dọ̀ Golda Meir. Ọ̀dọ́mọkùnrin tí kò ní ipò, tí kò ní owó, tí ìjọba kankan kò rán níṣẹ́, ni ó ṣe gbogbo èyí. Ìgboyà yìí ni ó mú kí ìwé náà ṣeé kà títí di òní.

Ṣùgbọ́n níbi tí agbára ìwé náà wà, ibẹ̀ náà ni àìlera rẹ̀ wà. Ohun tí òǹkàwé ń rántí nígbà tí ó bá pa ìwé náà dé ni àwọn olórí ìlú àti ọ̀rọ̀ òṣèlú tí wọ́n sọ. Ọ̀nà fúnra rẹ̀ kò gba àyè tó bẹ́ẹ̀. Alùpùpù kékeré tí ó la ilẹ̀ gbígbẹ kọjá gbọ́dọ̀ ti mu epo, táyà rẹ̀ gbọ́dọ̀ ti jò, ẹni tí ó gùn ún gbọ́dọ̀ ti wá omi kiri. Ìgbà tí ìwé náà bá dé ọ̀dọ̀ olórí ìlú ni ojú òǹkàwé tó ń là. Ó dà bí ìlẹ̀kẹ̀ tí ènìyàn rí kókó rẹ̀ tí kò rí okùn. Èkejì ni pé èdè Gẹ̀ẹ́sì ni ó fi kọ ọ́. Nítorí náà ni ó ṣe jẹ́ pé orin ni àwọn ará ilé fi mọ Àjàlá, wọn kò fi ìwé mọ̀ ọ́n. Orin sì lè sọ fún ènìyàn pé ẹnìkan rìn; kò lè sọ bí ó ti rìn.

Àwọn tí ó kọ ìrìnàjò ní èdè Yorùbá ńkọ́? Wọ́n wà, iṣẹ́ wọn kò sì kéré. Nínú ìwé ìròyìn Akéde Èkó tí I. B. Thomas dá sílẹ̀ ní 1928, ìròyìn ìrìnàjò jẹ́ oúnjẹ tí òǹkàwé ń retí. Rebecca Jones ti tọ ipasẹ̀ irú ìròyìn wọ̀nyí nínú ìwé kan tí ó jáde ní 2019. Ohun tí ó hàn nínú wọn ni pé ọkọ̀ ojú irin tàbí ọkọ̀ ayọ́kẹ́lẹ́ ni olóòtú wọ̀, ó sì rí i dájú pé òun dárúkọ àwọn ẹni iyì tí ó gbà á lálejò ní ìlú kọ̀ọ̀kan. D. O. Fágúnwà náà kọ Ìrìnàjò, tí apá kìíní rẹ̀ jáde ní 1949, ó sì fi hàn pé èdè Yorùbá lè ru ẹrù ìlú Òyìnbó láìkọsẹ̀. Ṣùgbọ́n ìrìn ọ̀mọ̀wé ni ìrìn náà: òkun ni ó gbà, ẹ̀kọ́ ni ó wá lọ, ìlú ọ̀làjú ni ó dé. Kò sí ẹni tí yóò bá Fágúnwà wí fún èyí, nítorí ohun tí ojú rẹ̀ rí ni ó kọ. Àríwísí tí ó tọ́ ni pé bí a bá kó gbogbo ìwé wọ̀nyí jọ, ẹni tí ń rìn nínú wọn jẹ́ ẹni tí ó mọ̀wé, ẹni tí ń gbà á lálejò jẹ́ ẹni iyì, ẹni tí ó ru ẹrù la ilẹ̀ gbígbẹ kọjá kò sì sí níbẹ̀ rárá.

Bí ẹnikẹ́ni bá rò pé bẹ́ẹ̀ ni ìwé ìrìnàjò gbọ́dọ̀ rí níbi gbogbo, kí ó wo iṣẹ́ Ibn Battuta, ọmọ Tangier ní ilẹ̀ Mòrókò. Ní 1352, ó bá àwọn oníṣòwò kúrò ní Sijilmasa láti la aṣálẹ̀ Sàhárà kọjá lọ sí ilẹ̀ Málì. Lẹ́yìn ọjọ́ 25 wọ́n dé Taghaza, ìlú tí wọ́n ti ń wa iyọ̀. Kò bẹ̀rẹ̀ pẹ̀lú olórí ìlú. Ó sọ pé òkúta iyọ̀ ni wọ́n fi kọ́ ilé àti mọ́ṣáláṣí, pé awọ ràkúnmí ni wọ́n fi bo òkè ilé, pé kò sí igi kan ṣoṣo níbẹ̀ bí kò ṣe iyanrìn. Ó sọ pé ẹrú ni ó ń wa iyọ̀ náà, ó sọ oúnjẹ tí wọ́n ń jẹ àti ibi tí oúnjẹ náà ti ń wá, ó sì sọ pé omi ìlú náà níyọ̀ lẹ́nu. Nígbà tí ó ń padà ní 1353, ó gba Takedda, ìlú tí wọ́n ti ń wa bàbà, ó sì ròyìn bí wọ́n ti ń yọ́ bàbà náà nínú ilé. Nípa èyí, ẹni tí kò dé aṣálẹ̀ rí lè fi ọkàn tọ́ omi ibẹ̀ wò.

Àpẹẹrẹ kejì ti Amẹ́ríkà wá. Ní 1861, ọ̀dọ́mọkùnrin kan tí ayé padà mọ̀ sí Mark Twain bá ẹ̀gbọ́n rẹ̀ wọ ọkọ̀ tí ẹṣin ń fà, wọ́n la pápá àti aṣálẹ̀ orí òkè kọjá lọ sí Nevada, níbi tí wọ́n ti rí fàdákà ní 1859. Ìwé tí ó fi sọ ìtàn náà, Roughing It, jáde ní 1872. Ó sọ fún òǹkàwé pé pọ́n-ùn 25 péré ni ẹrù tí wọ́n gbà láyè fún ẹnìkọ̀ọ̀kan, ó sì fi ara rẹ̀ àti ẹ̀gbọ́n rẹ̀ ṣe yẹ̀yẹ́ pé wọ́n kó pọ́n-ùn mẹ́rin ìwé òfin àti pọ́n-ùn mẹ́fà ìwé atúmọ̀ èdè dání. Láti orí ẹrù yìí ni òǹkàwé ti mọ irú ènìyàn tí wọ́n jẹ́, ohun tí wọ́n ń retí, àti bí ìrètí náà ti jìnnà sí ilẹ̀ tí wọ́n ń lọ. Fàdákà náà tán ní ìgbẹ̀yìn, ọ̀pọ̀ ìlú ìwakùsà ìhà ibẹ̀ sì di ahoro tàbí abúlé. Lónìí, àwọn ọ̀dọ́ a máa gbé àpò kọ́ ẹ̀yìn láti lọ wò wọ́n, nítorí pé ìwé ti mú kí ahoro náà sọ̀rọ̀.

Pọ́n-ùn mélòó ni alájàpá Ìbọ̀lọ́ rù lọ sí Salaga? Kí ni ó yọ kúrò nínú ẹrù nígbà tí ó wúwo jù, kí sì ni ó kọ̀ láti yọ? Òyìnbó a máa gbé àpò kọ́ ẹ̀yìn. Ẹ̀yìn obìnrin Yorùbá ti ọmọ ni, orí ni ó kù fún ẹrù. Ìyàtọ̀ kékeré yìí nìkan tó láti yí gbogbo ìtàn ìrìnàjò padà, nítorí ẹni tí ẹrù wà lórí rẹ̀ kò lè wo òkè, kò lè tètè bojú wẹ̀yìn, kò sì lè sọ ẹrù kalẹ̀ láìsí ẹni tí yóò ràn án lọ́wọ́ láti gbé e padà. Irú ojú wo ni irú ẹni bẹ́ẹ̀ fi wo ayé? Ìbéèrè lítíréṣọ̀ ni ìbéèrè yìí, kì í ṣe ti ìtàn ìṣòwò nìkan.

Ẹnìkan lè sọ pé alájàpá kò mọ̀wé, nítorí náà kò lè kọ̀wé. Ìdáhùn náà wà nínú ìtàn Ibn Battuta fúnra rẹ̀. Kì í ṣe òun ni ó fi ọwọ́ ara rẹ̀ kọ ìwé náà. Nígbà tí ó padà dé ilé, ọba Mòrókò pàṣẹ pé kí ó máa sọ, kí akọ̀wé kan tí ń jẹ́ Ibn Juzayy sì máa kọ. Ní 1355 ni iṣẹ́ náà parí. Ẹnìkan rìn, ẹnìkan kọ, ìwé kan ṣoṣo sì ni ó jáde. Ọ̀nà yìí kò sì ṣàjèjì sí lítíréṣọ̀ Yorùbá, nítorí orí rẹ̀ gan-an ni ìwé ìtàn-àròsọ tí ó lókìkí jùlọ ní èdè náà dúró lé. Nínú Ògbójú Ọdẹ Nínú Igbó Irúnmalẹ̀, tí ó jáde ní 1938, Àkàrà-ògùn ni ó rìn. Ó wá bá ẹni tí ó mọ̀wé, ó ní kí ó mú kálàmù, kí ó kọ ohun tí òun yóò sọ. Gbogbo akẹ́kọ̀ọ́ ni ó ti ka ojú ìwé náà. Ohun ìyanu ni pé láti 1938, àwọn tí ó kà á pọ̀ ju àwọn tí ó ti mú kálàmù lọ bá Àkàrà-ògùn tí ó wà ní agboolé wọn lọ.

Àwọn mìíràn lè sọ pé alájàpá a máa bù mọ́ ọ̀rọ̀. Òtítọ́ ni; arìnrìnàjò wo ni kì í ṣe bẹ́ẹ̀? Àwọn ọ̀mọ̀wé ṣì ń jiyàn lórí àwọn ibi kan nínú ìwé Ibn Battuta, Twain sì ń fi àbùmọ́ ṣe ẹwà. Ẹni tí ó bá gba ọ̀rọ̀ lẹ́nu ènìyàn mẹ́wàá yóò mọ èyí tí gbogbo wọn jọ sọ, yóò sì mọ èyí tí ẹnìkan fi ṣe ẹ̀ṣọ́. Èyí tí ẹnìkan fi ṣe ẹ̀ṣọ́ náà wúlò, nítorí ibẹ̀ ni ọ̀nà tí ó gbà ń sọ̀tàn ti hàn. Àtakò tí ó lágbára díẹ̀ ni pé èdè Yorùbá kò ní ọ̀rọ̀ tí ó tó fún ilẹ̀ aṣálẹ̀ àti ìlú ìwakùsà, nítorí igbó àti ọ̀dàn ni àwọn tí ó dá èdè náà gbé. Ó yẹ kí a yẹ èyí wò fínnífínní.

Lẹ́nu ọdẹ àti nínú ìwé Fágúnwà, aginjù ni igbó ńlá tí ẹsẹ̀ ènìyàn kì í sábà tẹ̀. Nígbà tí Àjàyí Crowther àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ń túmọ̀ Bíbélì, tí odindi rẹ̀ jáde ní 1884, aginjù kan náà ni wọ́n fi pe ilẹ̀ iyanrìn àti òkúta tí àwọn ọmọ Ísírẹ́lì rìn já. Ọ̀rọ̀ kan ṣoṣo fún ibi tí igi bo ojú ọ̀run, àti fún ibi tí igi kò sí! Ẹni tí ó bá yára dájọ́ yóò ní èdè tòṣì ni. Ṣùgbọ́n èdè náà mọ ohun tí ó ń wọ̀n. Kì í ṣe igi ni aginjù ń wọ̀n bí kò ṣe ènìyàn: ibi tí ènìyàn yóò ké sí ẹnìkejì tí kò ní rí adáhùn. Bí ó bá jẹ́ ti ilẹ̀ gbígbẹ nìkan ni, aṣálẹ̀ wà. Ẹni tí ó bá mọ ìyàtọ̀ àárín méjèèjì yìí lè fi aṣálẹ̀ sọ ohun tí ẹsẹ̀ tẹ̀, kí ó fi aginjù sọ ohun tí ọkàn rò.

Kùsà ńkọ́? Àwọn Haúsá ń pe irin funfun tí wọ́n ń wà ní Jọ́ọ̀sì àti Bukuru, èyí tí wọ́n fi ń bo agolo, ní kuza. Ó jọ pé láti ibẹ̀ ni ọ̀rọ̀ náà ti wọ èdè Yorùbá, tí ó sì gbòòrò tó bẹ́ẹ̀ tí ó fi jẹ́ pé lónìí, ìbáà jẹ́ wúrà, ìbáà jẹ́ èédú, ìwakùsà ni à ń pe iṣẹ́ rẹ̀. Bí ó bá rí bẹ́ẹ̀, ta ni ó mú ọ̀rọ̀ náà wálé? Ẹni tí ó wọ rélùwéè lọ sí òkè Jọ́ọ̀sì ni, níbi tí ilẹ̀ ga ju mítà 1,200 lọ, tí òtútù ọyẹ́ ibẹ̀ kò sì jọ ti ilé. Nígbà tí owó irin náà já lulẹ̀ lágbàáyé ní 1985, ọ̀pọ̀ ibi ìwakùsà ibẹ̀ di kòtò tí omi kún. Ẹni tí ó mú ọ̀rọ̀ náà wá kò kọ ìwé kankan. Ọ̀rọ̀ kan ṣoṣo yẹn ni ìwé tí ó fi sílẹ̀. Mélòó nínú irú ọ̀rọ̀ bẹ́ẹ̀ ni ó ti bọ́ sọ́nà nítorí pé kò sí ẹni tí ó gbà á sílẹ̀?

Ọjọ́ sì ń lọ. Ní ọjọ́ 18 Oṣù Kọkànlá 1969, ìjọba Busia ní Gánà pàṣẹ pé àlejò tí kò ní ìwé ìgbélùú gbọ́dọ̀ gbà á láàárín ọ̀sẹ̀ méjì, tàbí kí ó jáde. Àwọn tí bàbá wọn ti fi ẹsẹ̀ rìn dé ibẹ̀ kó ẹrù sínú ọkọ̀ akẹ́rù padà sí ilé tí àwọn kan nínú wọn kò dé rí. J. S. Eades, tí ó ń ṣe ìwádìí láàárín àwọn Yorùbá Tamale ní ìgbà náà, gba ọ̀rọ̀ lẹ́nu wọn, ìwé rẹ̀ sì jáde ní 1993. Iṣẹ́ ńlá ni. Ṣùgbọ́n èdè Gẹ̀ẹ́sì ni, ohun tí ó sì ń wá ni bí ọjà ti ń rìn àti bí ẹbí ti ń ran ara wọn lọ́wọ́. Ohùn alájàpá, bí ó ti ń fa ọ̀rọ̀ gùn, ibi tí ó ti dákẹ́, ibi tí ó ti fi òwe bo ẹkún, kò lè wà nínú irú ìwé bẹ́ẹ̀. Iṣẹ́ tí ó kàn fún àwọn ọlọ́pọlọ lítíréṣọ̀ Yorùbá ni, wọn kò sì tíì ṣe é tó. Ẹni tí ó pé ogún ọdún ní 1969 ti lé ní ẹni ọdún 75 báyìí. Àwọn tí ó fi ẹsẹ̀ rìn ṣáájú wọn ti lọ.

Bẹ́ẹ̀ ni ọ̀nà kò tíì parí. Ní òde òní, àwọn ọ̀dọ́ láti ilẹ̀ Yorùbá wà lára àwọn tí ń gba Kánò dé Agadez, tí wọ́n sì ń kọjá lẹ́bàá òkè Aïr lọ sí Líbíà. Ìlú ìwakùsà wà lọ́nà yẹn pẹ̀lú: Arlit, níbi tí wọ́n ti ń wa yuréníọ̀mù láti 1971, tí ọ̀kan nínú ibi ìwakùsà ẹ̀gbẹ́ rẹ̀, Akouta, sì ti kógbá wọlé ní 2021, àti Djado, níbi tí wọ́n ti rí wúrà ní 2014. Ìjọba Niger ṣe òfin ní 2015 láti dá àwọn tí ń kó èrò kọjá dúró. Wọ́n fagi lé òfin náà ní 2023. Àwọn kan kú sínú iyanrìn. Àwọn tí ó padà wálé ń sọ ìtàn wọn fún òṣìṣẹ́ tí ń kọ ọ́ sínú fọ́ọ̀mù: orúkọ, ọjọ́ orí, ọjọ́ tí ó jáde, ọjọ́ tí ó dé. Fọ́ọ̀mù kò ní àyè fún bí omi inú kẹ́ẹ̀gì ti rí lẹ́nu ní ọjọ́ kẹta. Bí lítíréṣọ̀ Yorùbá kò bá gba ìtàn wọ̀nyí, ohun tí yóò kù ni orin tí ń yin ẹni tí ó rìn, ọ̀dọ́ tí ó ń gbọ́ orin náà kò sì ní mọ bí ọ̀nà ti rí kí ó tó dì í lẹ́rù.

Nítorí náà, ohun tí ó kù kì í ṣe kí ẹ̀kọ́ lítíréṣọ̀ máa dúró de Àjàlá mìíràn. Iṣẹ́ náà sún mọ́ ilé ju bẹ́ẹ̀ lọ. Akẹ́kọ̀ọ́ tí ó bá lọ sí Òjòkú tàbí Ọ̀fà ní ìgbà ìsinmi, kí ó lọ kí àwọn àgbà, kí ó jókòó, kí ó má sì ṣe bẹ̀rẹ̀ pẹ̀lú ìbéèrè ńlá. Kí ó má béèrè iye èrè tí wọ́n jẹ, nítorí oníṣòwò kì í ka owó rẹ̀ fún àlejò. Kí ó má sì béèrè orúkọ olórí ìlú tí wọ́n rí. Kí ó béèrè pé: "Bàbá, kí ni ẹ rù lọ? Ìyá, níbo ni ẹ ti sọ̀ fún ìgbà àkọ́kọ́, ta ni ó sì gbé ẹrù rù yín padà?" Lẹ́yìn náà, kí ó dákẹ́, kí ó sì máa kọ ohun tí ó bá gbọ́ bí wọ́n ti sọ ọ́, pẹ̀lú ẹ̀ka èdè Ìbọ̀lọ́ tí wọ́n fi sọ ọ́. Olùkọ́ ilé ìwé gíga àti ti kékeré lè gba irú iṣẹ́ bẹ́ẹ̀ lọ́wọ́ ọmọ ilé ìwé dípò àròkọ lórí ìrìnàjò sí ìlú tí ọmọ náà kò dé rí.

Àjò kì í dùn kí onílé má relé. Àwọn arìnrìnàjò ti padà wálé. Ìròyìn wọn ni kò tíì wọlé. Ẹni tí ó bá ní kálàmù lọ́wọ́, kí ó lọ sọ ẹrù náà kalẹ̀ fún wọn nígbà tí wọ́n ṣì lè sọ ohun tí ó wà nínú rẹ̀.